Òṣòó

Nínú agolo bísíkíìtì tó ti dípẹtà
lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, ní Ìsọ̀kùn, ní Iléṣà,
mo bá rìsíìtì tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún:
ti omi, ti bọ́ọ̀sì,
ti bàtà oníìṣó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ọwọ́ oníṣòwò kan n'Íbàdàn,
àti ọ̀kan tí wọ́n kọ sí pé:
ìpara orúnkún Danjúmà, ogójì náírà.

Akọ̀wé Àgbà fún Ẹgbẹ́ Rọ́gbì gbogbo orílẹ̀-èdè,
ọdún mọ́kànlélógún.
Ọ́fíìsì rẹ̀: tábìlì kan, àga méjì,
ọ̀kan kò lẹ́sẹ̀ kẹrin.

Bàbá tó bí i, aṣọ ló ń rù tà láwìn
láti Ẹ̀rẹ̀jà dé Ọ̀ffà, dé Lọ́kọ́ja.
Bí ọjọ́ gbèsè bá pé, tí onígbèsè gbé àga fún un,
kò ní jókòó.
"Òṣòó ni mo máa ló kí n tó gbowó mi."
Á lóṣòó láti àárọ̀ títí adìyẹ á fi wọlé.

Dúrótoyè kò ta aṣọ.
Tíṣà onírùngbọ̀n pupa kan ló gbé nǹkan wá sí pápá ilé-ìwé,
ó jọ ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n.
Ó ní kí ọmọkùnrin mẹ́jọ so apá pọ̀, kí wọ́n lóṣòó,
kí wọ́n forí sọ ti mẹ́jọ mìíràn, kí wọ́n máa tì.
Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní ṣe ni ara òun rántí nǹkan.

Eré tí a kì í ju bọ́ọ̀lù síwájú!
Ìyá àgbà bi í pé, "Ta lò ń jù ú sí lẹ́yìn?"
"Ẹni tó ń bọ̀ ni, Ìyá."
"Bí kò bá sẹ́ni tó ń bọ̀ ńkọ́?"
Kò rí èsì fọ̀.

Eegun èjìká kán, ó kúrò lórí pápá,
ó bọ́ sídìí lẹ́tà.
Mínísítà méje lọ, mínísítà méje bọ̀,
akọ̀wé ẹnu ọ̀nà kan náà ló ń wí fún un pé Ọ̀gá ò sí nílé.
Wọ́n gbé àga fún un.
Ẹ wo ọkùnrin tó wọ kóòtù, tó so táì,
tó lóṣòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìjọba l'Ábùjá,
fáìlì lórí itan,
bí ẹni tó ń dúró de fèrè rẹfirí.

Ọdún tí àwọn ọmọ fẹ́ lọ Kampálà tí owó kò jáde,
Pijó wa bá a jáde láàárọ̀, kò bá a padà.
Oṣù kan gbáko ni ìyá mi kò bá a sọ̀rọ̀.
Ó ń gúnyán; odó ló ń jẹ gbogbo rẹ̀.
Àmì méjì péré ni wọ́n fi fìdí rẹmi lọ́hùn-ún.
Rédíò kò dárúkọ wọn.
Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà bálùwẹ̀, ó dárúkọ mẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ́dógún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ó kówó jẹ.
Ó gbé agolo yìí lọ bá ìgbìmọ̀.
Wọ́n ka rìsíìtì títí dórí orúnkún Danjúmà,
alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ jẹun ná.
Kò sẹ́ni tó ní má bínú.

Nígbà tó darúgbó, ó ń kó ọmọ àdúgbò jọ sórí ilẹ̀ pupa nírọ̀lẹ́.
Bọ́ọ̀lù ẹyin yẹn, bó bá ta lórí ilẹ̀, kò lójú ọ̀nà:
ó wọ gọ́tà, ó wọ agbada alákàrà.
Ìbíyẹmí, ọmọ télọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
òun ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n jù sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn.
Bàbá yọ fìlà.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin ín ni lẹ́tà dé:
àwọn ń yẹ ọ̀rọ̀ owó Pijó náà wò,
kí ó jọ̀wọ́ ní sùúrù.
Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ìdájí ọ̀la.
Agolo wà nínú báàgì,
mo yan síkẹ́ẹ̀tì tó gbà mí lórúnkún.
Bí wọ́n bá gbé àga fún mi,
ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.